Ìkòkò Ìyá Raif Kò Gba Ṣúgà

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù já àpò ṣúgà sí àgbàlá ìfúntí, Ìyá Raif ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ó ti fọ agbada bàbà rẹ̀, ó ti wé ìbòrí funfun rẹ̀ mọ́rí, ó sì ti di àjàrà ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti wá lo ọjọ́ tirẹ̀ ní ìfúntí. Ilé ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fún àjàrà lọ́dọọdún ní abúlé náà. Bí èso bá ti pọ́n lẹ́sẹ̀ Òkè Hermoni, ilé wọn ni yóò kọ́kọ́ dáná, kí ilé yòókù tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe é.

Ó bá òkìtì àpò funfun lẹ́nu ọ̀nà ìfúntí. Ó wò wọ́n bí ẹni tó rí eku nínú ìkòkò ọbẹ̀.

"Kí lèyí?"

Wajdi ló dá a lóhùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, òun náà sì ni baálẹ̀ abúlé. Orí ọ̀kan nínú àpò náà ló jókòó sí, ó ń fa màté, omi ewé gbígbóná kan, láti inú igbá kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Ṣúgà ni, Ìyá Raif. Àbí ẹ ò rí i rí ni?"

"Mo ti rí i rí. Inú tíì ni mo ti rí i. Kí ló wá ṣe níbi tí wọ́n ti ń fún àjàrà?"

Wajdi gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ohùn baálẹ̀ wọ̀. Ó ní òjò tètè dé lọ́dún yìí, ó ti da omi sínú àjàrà gbogbo ènìyàn. Ó ní oníṣòwò kan láti Bèírùtù fẹ́ ra díbìsì gbogbo abúlé pátá, ó sì fẹ́ kó pọ̀, kó dọ́gba, kó má wọ́n. Bí a bá da ṣúgà sí i, ìkòkò kan á di méjì. Ó ní gbogbo ilé ti gbà.

"Ilé tèmi ò gbà," ni Ìyá Raif wí.

"Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, Ìyá Raif."

"Èmi ò sọ pé àwá dé. Mo ní èmi dé. Gbé ìdí kúrò lọ́nà kí n kó àjàrà mi wọlé."

Àwọn tó dúró nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti Wajdi. Ọkùnrin tó ti tó àádọ́ta ọdún ni, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti gbé e pọ̀n rí nígbà tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Ó ṣòro kí ènìyàn máa ṣe baálẹ̀ lójú ẹni tó ti nu imú fún un.

Díbìsì tí wọ́n ń jà lé lórí yìí, omi àjàrà ni. Wọn á fún èso náà, wọn á wọ́n ẹfun, ìyẹ̀pẹ̀ funfun tí wọ́n wa lórí òkè, sí omi rẹ̀ kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀, wọn á jẹ́ kó tòrò, wọn á wá gbé e kaná títí tó fi ki bí oyin. Àjàrà, ẹfun, iná, ó tán. Òun ni wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ pẹ̀lú yànmọtí lílọ̀ nígbà òtútù. Òun ni wọ́n ń bù fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, òun ni wọ́n sì ń fi sẹ́nu ọmọ tí ikọ́ bá ń dà láàmú.

"Bí abiyamọ bá wá bá mi pé kí n bu díbìsì fún òun kí agbára òun lè padà," ni Ìyá Raif wí, "ṣé ṣúgà Bèírùtù ni kí n rò fún un, kí n wá ní àjàrà ni? Ojú wo ni mo máa fi wò ó?"

"Ṣúgà ò pa abiyamọ rí."

"Irọ́ náà ò pa ènìyàn rí. Ṣé ká wá máa pa á ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Wajdi dìde. Ó ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tí òun fẹ́ wí. Ilé tí kò bá da ṣúgà sí tirẹ̀ kò ní í lo ìfúntí lọ́dún yìí. Ó tún wá fi kún un pé: "Àti yìnyín kẹta, ilé mi ni a ó ti bu díbìsì rẹ̀ lọ́dún yìí. A ò lè máa ta ọ̀kan fún ayé, ká tún máa jẹ òmíràn nílé."

Ibi tó ti gún Ìyá Raif nìyẹn. Bí ọmọ ibẹ̀ bá ti lè sọ̀rọ̀ ló ti ń kọ́ ọ pé yìnyín kìíní májèlé, yìnyín kejì ẹ̀jẹ̀, yìnyín kẹta, gbé e jẹ, má bẹ̀rù. Ní òwúrọ̀ tí yìnyín kẹta bá já, tonílé tàlejò ló ń gbé àwo lọ sí ilé kan ṣoṣo. Wọn á bu yìnyín tó mọ́ sínú àwo, ìyá ilé náà á da díbìsì ọdún yẹn lé e lórí, wọn á sì jẹ ẹ́ pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣíbí kan ẹnu títí ẹni tó dàgbà jù ní abúlé yóò fi tọ́ ọ wò. Ilé ọkọ rẹ̀ ni ilé náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ bù ú títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un, ló bá gbé ìgbakọ fún Nazira, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Nazira ni orúkọ tí bàbá Ìyá Raif sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Raif wà ní Fẹnesuẹ́là, kò sì sí ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè tọ́ka sí pé ohun tí òun jẹ́ ní abúlé yẹn nìyí, bí kò ṣe ìgbakọ yẹn.

Ó mú okùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó sì yí padà.

"Ibo lẹ̀ ń kó o lọ?" ni Wajdi bi í.

"Mo lẹ́sẹ̀ méjì," ló dá a lóhùn. "Wọ́n ti ń tẹ àjàrà kí a tó bí ẹni tó ṣe ìfúntí ẹ."

Lókè ọgbà àjàrà rẹ̀, kòtò kan wà tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ sínú àpáta. Ewúrẹ́ ló ń mu omi òjò nínú rẹ̀. Ìyá Raif fọ̀ ọ́ títí àpáta fi funfun. Bó ti ń tú àjàrà sí i ni Adla, aládùúgbò rẹ̀, gun òkè dé, ó ń mí hẹlẹ.

"Wọ́n ní o ti ya wèrè," ni Adla wí, "ni mo ní kí n wá wò ó."

"Ìwọ náà kọ́ lo gba ṣúgà?"

"Mo gbà á. Àpò méjì. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi pé kí n má fi ẹsẹ̀ mi tẹ àjàrà ẹlòmíràn." Ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè, ó sì wọnú kòtò.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyá Raif ń tẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Àjàrà kọ́ ló ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ Wajdi ló ń tẹ̀. Ó rántí bó ṣe jókòó lórí àpò yẹn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó rántí "ilé mi ni a ó ti bu díbìsì", ó tún un tẹ̀. Ìbínú mú un débi pé kò mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Nígbà tí omi àjàrà ṣàn dé kòtò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé igbá ẹfun.

Bí wọ́n ṣe ń fi ẹfun sí i, ó ní ìlànà. Ìka ni wọ́n fi ń wọ́n ọn, bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀ àlejò. Wọ́n á dúró kí ìfófò dìde kó sì rọlẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tún wọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìyá Raif ṣì wà lára Wajdi. "Òun tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò," ló ń wí, ó sì da ìlàjì igbá náà sínú omi lẹ́ẹ̀kan. Ìfófò ru gùdù, ó kún bo ẹnu kòtò.

"Ẹfun yẹn ò ha pọ̀ jù?" ni Adla bi í.

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ kọ́ mi ni?"

Adla kó ẹnu rẹ̀ dání, ohun tí kì í ṣe lójoojúmọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi náà ti tòrò nini. Ìyá Raif fi ìgbakọ bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì jókòó lórí àpáta. Ó dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn adùn náà, ìtọ́wò ẹfun jókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Obìnrin náà mọ òwe yẹn kó tó mọ ọkọ, síbẹ̀ ó ju òkò tirẹ̀. Kò sì sí àjàrà mọ́ lórí igi. Kò sí bó ṣe lè fi omi náà sílẹ̀ kó ronú sí i, nítorí bó bá pẹ́ nílẹ̀ ọtí ni yóò dà, ọtí kò sì gbọdọ̀ wọ ilé wọn nínú ẹ̀sìn wọn.

Adla tọ́ ọ wò. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ife ṣúgà kan ṣoṣo, Nazira. Á bo ìyẹ̀pẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbí, mi ò sì rí nǹkan kan."

"Ìwọ? Kó o má rí nǹkan kan?"

"Mo búra."

Ẹ má jẹ́ ká purọ́: ó wù ú. Ó rí òwúrọ̀ yìnyín kẹta lójú rẹ̀, ó rí gbogbo abúlé tí wọ́n ń tu díbìsì rẹ̀ sílẹ̀, Wajdi sì ń rẹ́rìn-ín. Ife ṣúgà kan péré ni yóò gbà á lọ́wọ́ ìtìjú yẹn. Ó tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀ lọ́nà ilé Adla níbi tí ṣúgà wà. Ara rẹ̀ gbóná, omi sì lé sí i lójú, nítorí ó mọ̀ pé ọwọ́ ara òun ló ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì ṣáná sábẹ́ agbada.

"Bó ti rí ni mo máa sè é."

"Wọ́n á fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí wọ́n ṣe é. Àṣìṣe tèmi ni mò ń sè yìí. Àṣìṣe lè wọ ìkòkò mi. Irọ́ ni ò lè wọ̀ ọ́."

Ó sè é títí tó fi ki. Ó fi ọ̀pá igi ọ̀pọ̀tọ́ lù ú títí tó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì rọ ọ́ sínú ìkòkò amọ̀, ó fi aṣọ di ẹnu rẹ̀.

Adla kò rí nǹkan kan lóòótọ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, gbogbo abúlé ti gbọ́ ohun tí kò rí. Wọ́n sọ díbìsì náà lórúkọ, wọ́n pè é ní díbìsì ògiri. Wajdi gan-an pàdé Ìyá Raif lẹ́nu kànga lójú àwọn ènìyàn.

"Ìyá Raif, mo fẹ́ rẹ́ ògiri ilé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu díbìsì díẹ̀."

"Gbé ìkòkò wá," ni Ìyá Raif wí. "Ògiri tí mo bá fi rẹ́, á dúró ju ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ lọ."

Ẹ̀rín tí wọ́n fi Wajdi rín lọ́jọ́ yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ń fi obìnrin náà rín. Ó mọ̀. Ó sì ń lọ síbi kànga lójoojúmọ́, ó ń gbé orí sókè bí ẹni tó ru ẹrù tí kò fẹ́ kó dànù.

Yìnyín kìíní já, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èkejì já. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kẹta já, Òkè Hermoni pa rẹ́ mọ́ ojú ọ̀run, abúlé sì dákẹ́. Ìyá Raif gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó dáná, ó to àwo sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí iye tó máa ń tò lọ́dọọdún. Ó ṣí ìkòkò amọ̀, ó fi ìgbakọ sí i. Ó wá jókòó.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn nínú yìnyín. Wọ́n ń kọjá. Àwọn kan ń rọra rìn bí wọ́n bá dé iwájú ilé rẹ̀, bí ẹni ń kọjá níbi tí òkú wà. Ọ̀dọ̀ Wajdi ni wọ́n ń lọ. Adla pàápàá kọjá, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ó dun Ìyá Raif dọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò palẹ̀ àwo kan ṣoṣo mọ́.

"Bí ẹnì kan ò bá wá," ló sọ fún iná, "èmi nìkan máa jẹ ẹ́."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé Wajdi, Adla ló wá sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jẹ́rìí sí i. Wajdi bu díbìsì aláwọ̀ dúdú tó ń dán sórí yìnyín gbogbo ènìyàn. Ó wá gbé àwo àkọ́kọ́ fún ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, ẹni tó gbé ìgbakọ fún Ìyá Raif, tó dàgbà jù ní abúlé, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìka kan díbìsì náà, ó fi ìka sẹ́nu, ó sì nu ìka náà sára aṣọ.

"Kí lèyí, Wajdi?"

"Díbìsì ni, Màmá."

"Díbìsì kọ́. Tíì tí kò ní ewé ni. Níbo ni àjàrà tó wà níbẹ̀ gbà kọjá?"

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò là á. Gbogbo abúlé jókòó tí wọ́n gbé àwo lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò lè fi ṣíbí kan ẹnu, yìnyín sì ń yọ́ di omi nínú àwo wọn. Nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn wá yí sí Wajdi, Ìyá Àgbà là á, ohun tó sì sọ kò ju èyí lọ: "Gbé mi lọ sílé ọkọ mi."

Ìyá Raif gbọ́ ariwo, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wajdi ló ń bọ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, yìnyín dé orúnkún rẹ̀, ó ń gbin. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ ń tọ́ka ọ̀nà lórí èjìká rẹ̀. Gbogbo abúlé ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àwo.

Ó gbé e kalẹ̀ sórí àga tó ti máa ń jókòó látijọ́. Ìyá Àgbà wo àwo tó wà lórí tábìlì, ó sì kà wọ́n lójú. Obìnrin yìí kò yin Ìyá Raif rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé. Bó bá fọṣọ, kò mọ́ tó. Bó bá sebẹ̀, iyọ̀ pọ̀ jù. Síbẹ̀ Ìyá Raif na ọrùn sókè, ó bu yìnyín, ó da díbìsì lé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹfun pọ̀ nínú ẹ̀. Inú ló ń bí mi, mo dà á pọ̀ jù. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Ìyá Àgbà jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, eyín ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ó ní ìyẹ̀pẹ̀ nínú," ló wí. "Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ pé ọwọ́ ẹ wúwo, Nazira."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Raif kò gbé ojú sílẹ̀.

"Ìyẹ̀pẹ̀ ibo ni?" ni Ìyá Àgbà tún bi í.

"Ti òkè wa, Màmá."

"Ṣúgà ń kọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

Arúgbó náà fi ṣíbí ha ìdí àwo rẹ̀ títí ó fi mọ́. Ó wá na àwo náà síta lójú gbogbo wọn.

"Bù sí i."

Adla ló kọ́kọ́ sún mọ́ tábìlì, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ìyá Raif bù fún gbogbo wọn títí ó fi kan ẹni tó gbẹ̀yìn. Wajdi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, kò mú àwo wá.

Ìyá Raif mú ọ̀kan lórí tábìlì, ó bu yìnyín sí i, ó sì gbé ìgbakọ dúró lókè rẹ̀.

"Ìyẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀ o," ló wí.

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀ ń pè é ní díbìsì ògiri, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin ènìyàn?"

Wajdi wo ilẹ̀. "Ẹ bù ú, Ìyá Raif. Òtútù ń mú mi."

Ó bù ú fún un, ó kún dáadáa, nítorí wọn kì í bu díbìsì yìnyín kẹta ní ìlàjì fún ẹnikẹ́ni nílé yẹn.